Fífi terminal ṣe chat: ó ṣeé ṣe, àmọ́ ojú mi ti rí nǹkan níbẹ̀

Ẹ ní kọ̀ǹpútà yín ti darúgbó, bí ẹ bá ti ṣí búráúsà báyìí, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ wá ń béèrè bóyá èèyàn lè máa fi terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) nìkan bá àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀, kó sì máa ka ohun tí wọ́n ń kọ. Ó ṣeé ṣe. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n á ti gbà yín láyè.

Ẹ fi IRC, ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àtijọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀. Láti 1988 ni Jarkko Oikarinen ti gbé e jáde ní Finland, èèyàn ò sì tíì tán níbẹ̀, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux àti irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Libera Chat, nẹ́tíwọ́ọ̀kì IRC kan, ní 2021. Ètò tó ń jẹ́ WeeChat lèmi fi ń wọ IRC. Àwọn kan á ní irssi ló dáa jù, ẹ má bá wọn jiyàn, kò síyàtọ̀ tó tó ìjà. Ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ni tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ inú terminal máa lọ bí ẹ tilẹ̀ kúrò níbẹ̀, tó bá sì ṣeé ṣe, kó wà lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ibòmíì tí kì í kú. Ìdí ni pé IRC fúnra rẹ̀ kì í sábà tọ́jú ọ̀rọ̀ de ẹni tí ò sí nílé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ fi ssh, àṣẹ tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, padà wọlé, ẹ tẹ `tmux attach`, gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn yín á ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù. Láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ yín lórí IRC, ẹ lè tẹ `/msg NickServ IDENTIFY` (NickServ ni ètò tó ń ṣọ́ orúkọ), kẹ́ ẹ wá fi páswọ́ọ̀dù tì í. Ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń bá ayé sọ̀rọ̀ náà lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́. Slash yẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò mọ̀ pé mo ti fọwọ́ kan space lẹ́ẹ̀kan kí n tó tẹ slash. Mo tẹ Enter. Gbogbo ẹ̀, tòun ti páswọ́ọ̀dù, já sáàárín yàrá tí èèyàn tó lé ní igba wà. Ẹnì kan bi mí bóyá orúkọ ajá mi ni. Mo sáré pààrọ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé òun náà ni mo ń lò fún í-meèlì mi. Oorun ò kùn mí mọ́. Láti ọjọ́ náà, SASL ni mo ń lò: WeeChat ló ń fi páswọ́ọ̀dù wọlé fúnra rẹ̀ kí n tó dé yàrá kankan, láti port (ẹnu ọ̀nà) 6697 tó ní TLS, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Fún Mastodon, ìkànnì àjọlò kan, ẹ lo ètò tó ń jẹ́ toot. `toot tui` lẹ ó fi máa kà, `toot post` lẹ ó fi máa kọ. Ṣùgbọ́n shell, ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal, ló ń kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yín. Mo kọ `toot post "Ó tó $100"` rí, ohun tó jáde sí gbangba ni "Ó tó 00". Shell ka `$1` sí orúkọ nǹkan kan, kò bá ohunkóhun níbẹ̀, ló bá gbé e jù nù. Àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan máa ń gbani, àfi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ "n'ílé" bíi ti àtijọ́, torí ibi àmì inú ọ̀rọ̀ yẹn ni shell máa rò pé àyọlò náà parí sí. `toot post --editor nano` lèmi ń lò báyìí.

Àmì ohùn ńkọ́? Bí àṣẹ `locale` ò bá dárúkọ UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà tó ní àmì, àmì ìbéèrè lẹ ó máa rí níbi tí ẹ́ àti ọ̀ yẹ kó wà. Nínú tmux, `tmux -u` lè tún un ṣe. Ẹ sì rántí pé baiti (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà) 512 ni ìlà kan lórí IRC ń gbà. Baiti kan ni "e", márùn-ún ni "ẹ́". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi gbogbo àmì sí i, ọ̀rọ̀ yín máa tètè kún ju ti aládùúgbò yín lọ.

Ní ti àwọn ìkànnì ńlá, ẹ ṣọ́ra. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún lo client (ètò tí a fi ń wọ ìkànnì) kékeré kan fún ọ̀kan nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn API, ọ̀nà tí ètò àwọn ẹlòmíì ń gbà wọlé, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó parí síbẹ̀. Lórí òmíràn, mo fi nọ́ńbà fóònù mi gangan sínú client tí wọn ò fọwọ́ sí, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì mi. Ti Telegram yàtọ̀, àwọn fúnra wọn ló gbé TDLib, irinṣẹ́ kan, síta fáwọn tó fẹ́ ṣe client, client orí terminal tó ń jẹ́ nchat sì ń lò ó dáadáa. XMPP àti Matrix, ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ méjì míì, náà ò ní lé yín: ẹ lo client Profanity fún ti àkọ́kọ́, iamb fún èkejì.

Àwòrán àti ohùn, fóònù ni mo ṣì fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò jẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ láéláé, ohùn oníṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin ló máa ń fi ránṣẹ́, mi ò sì tíì rí àṣẹ tí mo lè tẹ̀ sí ìyẹn.