Èsì: Àkópọ̀ ìtàn kò lè dípò ìwé

Màmá wa l'Ẹ̀pẹ́, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Ẹ ní ọmọ yín ti ka àkópọ̀ ìwé ìtàn fún WAEC, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó tún yẹ kó ka ìwé gan-an. Ó yẹ o, ó tilẹ̀ pọn dandan.

Ẹ wo ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Bíi lẹ́tà tí Sẹ̀gilọlá, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ṣe kọ ọ́, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé ẹni gidi ni obìnrin náà. Àkópọ̀ á ní ó gbádùn ayé, ó kábàámọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ẹnu tó ń sunkún yẹn náà ló ń fi ẹwà ìgbà èwe rẹ̀ yangàn. Ṣé ó kábàámọ̀ dénú? Ibẹ̀ gan-an ni adùn ìwé náà wà, àkópọ̀ kankan kò sì lè gbé e fún ọmọ.

Bí ẹ bá ti ọjà ẹja dé lálẹ́, ẹ jẹ́ kó ka ojú ewé kan sí yín létí, kó fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ibi tó bá rú u lójú. Ẹ bi í pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí? Kí ló ń fi pa mọ́?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè dá a lóhùn.