Kí o tó dá jíìnì lẹ́bi, wo irú òtútù tí o fi kọ́ koríko náà

Àbúrò tó béèrè láti Ifẹ̀, mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mí dé eegun. O ní o gbin ryegrass, koríko ẹran tó wọ́pọ̀ ní ìlú òtútù, oríṣi méjì, ọ̀kan tí wọ́n sọ pé ó ní jíìnì (àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń fara da yìnyín, ọ̀kan tí kò ní in. O fi wọ́n sínú fíríìjì fún ọjọ́ márùn-ún, o gbé wọn lọ sínú fírísà, gbogbo wọn sì kú bákan náà. O wá ń béèrè pé ọjọ́ mélòó ló yẹ kí o fi kọ́ wọn ní òtútù, ìyẹn kí òtútù tí kò tíì dì mọ́ wọn lára kí wọ́n tó rí yìnyín, àti pé ṣé irọ́ ni wọ́n pa nípa jíìnì yẹn ni. Ohun tó ṣe mí ní 2014 nìyí, ní Ifẹ̀ níbí, mo sì pàdánù oṣù méje kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣìnà.

Gbígbìn kò ní wàhálà. Fọ́n irúgbìn sórí iyẹ̀pẹ̀, bomi rin ín, má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn ọ̀sán pa á. Ó parí.

Ibi tó le ni fífi òtútù kọ́ ọ. Koríko tó ní jíìnì yìí kì í gbé agbára náà kiri lójoojúmọ́. Àwọn jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní CBF, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Thomashow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣàlàyé wọn ní 1997, lára ewéko kékeré kan tó ń jẹ́ Arabidopsis. Àwọn ló ń jí àwọn jíìnì tó kù. Tí wọ́n bá ti jí, koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣúgà tí wọ́n ń pè ní fructan jọ sí ìdí rẹ̀, á ṣe àwọn purotéènì tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nígbà tí omi bá ń tán lára rẹ̀, ryegrass tiẹ̀ tún ní purotéènì kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara yìnyín kó má baà dàgbà di ńlá. Òtútù tí kò tíì dì ló ń jí CBF yìí. Tí òtútù yẹn kò bá pẹ́ tó, èyí tó ní jíìnì àti èyí tí kò ní in, ọgbọọgba ni wọ́n níwájú fírísà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo tìẹ fi kú.

Mọ ohun tó ń pa á náà. Àárín sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì ni yìnyín ti máa ń kọ́kọ́ dì, kì í ṣe inú rẹ̀. Yìnyín yẹn á wá máa fa omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì bí iyọ̀ ṣe ń fa omi ara ẹja, títí tí sẹ́ẹ̀lì á fi rún tí awọ rẹ̀ á sì ya. Gbígbẹ ló ń pa koríko nínú yìnyín.

Nínú yàrá tí mo háyà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ni mo ti ṣe tèmi, torí yàrá òtútù tí wọ́n ṣèlérí fún mi kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n wá fíríìjì kan kí n tì wọ́n sí i, pé òtútù náà lòtútù ń jẹ́. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ koríko kankan ní òtútù rí, èmi ni mo sì jìyà rẹ̀. Mo ra fíríìjì àlòkù, mo to ike méjìdínlógójì sínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejìlá, NẸ́PÀ mú iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Jẹnẹrétọ̀ onílé ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fíríìjì náà, mo fẹnu gbé tọ́ọ̀ṣì, mò ń wo tẹmómítà: dìgírì 4, ó di 5, ó di 7. Nígbà tí aago mẹ́ta fi máa lù, ó ti di 13. Omi ń sun lára ògiri fíríìjì, ó ń kán tó-tó sórí ewé. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo sáré lọ sí Lágere lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta yìnyín, mo ra búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, mo fi àpò ìrẹsì wé wọn. Wọ́n ti yọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta ni iná tó dé.

Nínú ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ sí, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ wọn. Irọ́ ni. Ooru ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni koríko fi ń kọ́ òtútù, ọjọ́ mélòó kan péré ló fi ń gbàgbé rẹ̀. Ní àwọn ìlú òtútù pàápàá, tí ooru bá ṣèèṣì dé láàárín ọ̀gìnnìtìn tí yìnyín sì tún padà lójijì, koríko tó ti la èyí tó le jù kọjá máa ń kú. Nítorí náà, kí o tó ṣe ohunkóhun, wá tẹmómítà tó ń kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru. Má ṣe gbọ́kàn lé ojú rẹ, má sì ṣe gbọ́kàn lé bọ́tìnì ara fíríìjì.

Ẹnì kan dá ẹ lóhùn lókè pé kí o gbé e síta nínú ọyẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tan ọmọ yìí. Ọyẹ́ Ifẹ̀ tó ń mú wa wọ súwẹ́tà láàárọ̀ kò sún mọ́ dìgírì 4 rárá, oòrùn ọ̀sán á sì tún tú gbogbo rẹ̀ ká.

Ohun kejì ni ìmọ́lẹ̀. Tí o bá pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé, òkùnkùn ni koríko wà. Kò lè ṣe ṣúgà nínú òkùnkùn, kí ló fẹ́ kó jọ? Fi gílóòbù LED sínú rẹ̀, kí o sì tún wo tẹmómítà lẹ́yìn náà, torí gílóòbù náà ń mú ooru wá.

Nínú fírísà ńkọ́? Omi lè dé dìgírì 4 lábẹ́ òdo kó má tíì dì. Ike kan á dì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní dì, ìwọ á wá rò pé jíìnì ló gba èyí tó yè. Mo ti fi irú èyí sáré lọ bá ọ̀gá mi rí, mo rò pé mo ti rí nǹkan. Tí fírísà bá ti dé dìgírì 2 lábẹ́ òdo, fi ẹ̀rún yìnyín kékeré sí ìdí koríko kọ̀ọ̀kan, dúró kí gbogbo wọn dì, lẹ́yìn náà ni kí o máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, dìgírì kan tàbí méjì ní wákàtí kan.

Irúgbìn inú àpò kan náà kì í ṣe ìkan náà o. Ryegrass kì í gba àtọ̀ ara rẹ̀, ti ẹlòmíràn ló ń gbà, nítorí náà irúgbìn kọ̀ọ̀kan ló ní jíìnì tirẹ̀. Mú ìdí kan, pín ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń pín ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí o fi àwọn ọmọ ìdí kan náà ṣe gbogbo ìwọ̀n òtútù tí o fẹ́ dán wò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o kò mọ ohun tí ò ń wọ̀n.

Tí o bá fẹ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun fún irúgbìn míì, gba ìwé àṣẹ ìkówọlé kí irúgbìn tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì kan dá tèmi dúró nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà torí ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, kò tó ìdajì tó hù. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí.

Má sì fi èyí tó kù bọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò. Àwọn ryegrass kan ní olú tíntìnnì tó ń gbé inú rẹ̀ tí a kì í fojú rí, ó sì lè mú kí ẹran máa gbọ̀n kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè rẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, láàárín dìgírì 2 sí 4, tìmọ́lẹ̀tìmọ́lẹ̀, láìsí àlàfo. Tí iná bá lọ tí ó ju dìgírì 10 lọ fún ọjọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sì rò pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i náà ni yóò máa le sí i. Tí òtútù bá pẹ́ jù, jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ VRN1 á dìde, òun ló ń múra koríko sílẹ̀ láti tanná, CBF á sì máa rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn fírísà, jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì, gé ewé rẹ̀, dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdí ni kí o wò, níbi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé. Ewé lè gbẹ kí ìdí ṣì yè.

Nípa irọ́, wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ kéré. Kì í ṣe jíìnì kan. Lára àlìkámà, àwọn CBF yìí wà pọ̀ lójú kan lórí kromosómù 5A, ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì. Koríko ẹran náà ní àwọn ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké tó ń fi agbára kún agbára. Meadow fescue, koríko ẹran mìíràn, ń fara da yìnyín ju ryegrass lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ àwọn méjèèjì fún ara wọn tí wọ́n fi bí Festulolium.

Tẹmómítà tí mo fi ṣe èyí tó yọrí níkẹyìn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kọ̀wé sí mi, kí a pàdé ní Lágere ní ọjọ́ Sátidé kí n gbé e fún ẹ.