Ṣé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni E631 inú núdùùsì?

Ìbéèrè: Mùsùlùmí ni mí, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi ní Ìlọrin. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni E631 tí wọ́n kọ sẹ́yìn núdùùsì. Odindi páálí kan ló ṣì wà nílé. Ṣé kí n kó o dànù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kó nǹkan kan dànù, ìyá wa. Láàárín oṣù yìí nìkan, ó ti tó ẹni mẹ́wàá tó bi mí léèrè ohun kan náà, ó sì ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń da ọkàn àwọn abiyamọ láàmú.

E631 kì í ṣe ọ̀rá rárá, ì báà ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀, ì báà ṣe ti màlúù. Bí ọbẹ̀ ẹran bá tutù, ẹ ó rí ọ̀rá tó dì sójú rẹ̀. E631 kì í ṣe bẹ́ẹ̀: nǹkan funfun bí iyọ̀ ni, inú omi ló sì ń yòrò sí. Ará Japan kan, Shintaro Kodama, ló rí adùn yìí nínú ẹja gbígbẹ ní 1913. Ó máa ń gbé adùn E621, ìyẹn magí funfun, ga sí i. Lẹ́tà E yẹn, Yúróòpù ló dúró fún, níbi tí wọ́n ti ń fún èròjà oúnjẹ ní nọ́ńbà. Fítámì C gan-an, E300 ni.

Àmọ́ ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Nọ́ńbà ń sọ ohun tí èròjà jẹ́, kò sọ ibi tí wọ́n ti mú un wá. Wọ́n lè yọ E631 lára ẹja tàbí ẹran, títí kan ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n sì lè lo bakitéríà, kí wọ́n fún un ní ṣúgà tàbí sítáàṣì gbágùúdá, kó kan bí ògì ṣe ń kan. Èyí ló wọ́pọ̀ lóde òní.

Bakitéríà náà ńkọ́, kí ni wọ́n fún un jẹ? Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Indonesia ní 2001. Ìgbìmọ̀ àwọn àáfáà níbẹ̀, MUI, ní Ajinomoto, ìyẹn magí funfun E621 tí wọ́n ń fi bakitéríà ṣe bákan náà lọ́hùn-ún, kì í ṣe haláàlì, torí pé èròjà láti ara ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi pèsè oúnjẹ bakitéríà náà. Ilé iṣẹ́ náà kó ọjà nílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ èròjà ọ̀hún, wọ́n sì gba àṣẹ haláàlì padà.

Nítorí náà, ẹ wá àmì haláàlì lára páálí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Nọ́ńbà NAFDAC kò dáhùn ìbéèrè yìí. Bí kò bá sí àmì, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é: “Kí ni ẹ fi ṣe E631 yín?” Ẹ ní kí wọ́n fèsì lórí ìwé. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rá lẹ ń bẹ̀rù, E471 inú bisikíìtì ni kẹ́ ẹ béèrè nípa rẹ̀: ọ̀rá ni wọ́n fi ń ṣe é, ti ẹranko tàbí òróró ewéko.

Onímọ̀ oúnjẹ ni mí, èmi kì í ṣe àáfáà. Ẹ mú èsì ilé iṣẹ́ náà lọ bá àáfáà yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Kí èsì tó dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ pé ó wà nínú núdùùsì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú àpò magí kékeré nìkan ni E631 wà, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi irú, ata àti iyọ̀ se é fáwọn ọmọ.