Báwo ni mo ṣe lè dá aáwọ̀ tó nítumọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀dá ìtàn mi?

Ariwo àti ẹ̀ṣẹ́ nìkan kì í ṣe aáwọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń wá, ẹni tó dí i lọ́nà, àti ohun tí yóò pàdánù bí kò bá rí i. Bí kò bá ní ohunkóhun láti pàdánù, ìran náà ti kú nìyẹn.

Ká ní Àdùkẹ́ ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Bódìjà. Àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ ta ilé ẹbí tó wà nítòsí Mápó, níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ẹ má sọ ọkùnrin náà di ìkà (àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí): ẹ jẹ́ kó nílò owó iṣẹ́ abẹ ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn. Àwọn méjèèjì ti wá ní ẹ̀tọ́. Ẹ wá fi aáwọ̀ ti inú ọkàn Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ kún un: àbúrò bàbá yìí kan náà ló san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ohun yòówù tí Àdùkẹ́ bá yàn, yóò dùn ún.

Bí àlàyé gbólóhùn kan bá lè parí ìjà náà, kò tíì lágbára tó. Ẹ má sì fi owó òjijì tú u.