Èsì: Kí ló dé tí ìlà owó fi gbọ́dọ̀ fara kan ìlà ìtẹ́lọ́rùn, tí kò gbọdọ̀ gé e kọjá?

Àbúrò, o ní olùkọ́ yín sọ pé ibi tí ìlà owó (gbogbo àpapọ̀ ọjà tí owó ẹni ká gẹ́lẹ́) ti fara kan ìlà ìtẹ́lọ́rùn, ìyẹn courbe d'indifférence (gbogbo àpapọ̀ ọjà tó tẹ́ni lọ́rùn bákan náà), ló dára jù, pé ibi tó ti gé e kọjá kò dára, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò yé ọ. Jẹ́ ká gba ọjà Kétu lọ.

Ká ní ìyá kan mú 2000 sẹ́fà dání. Igbá gaàrí jẹ́ 200, ti ẹ̀wà 400. Gaàrí 10 tàbí ẹ̀wà 5 ni owó rẹ̀ ká. Lójú ọjà, ẹ̀wà kan, gaàrí méjì.

Ó fẹ́ ra gaàrí 8 àti ẹ̀wà 1. Bi í pé, "Ìyá, igbá gaàrí mélòó lẹ lè yọ̀ǹda nítorí ẹ̀wà kan sí i?" Ó ní mẹ́rin, torí ẹ̀wà yẹn ò ní kárí àwọn ọmọ. Méjì péré sì ni ọjà ń gbà! Kó yáa pààrọ̀ ni. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gé ara wọn nìyẹn o. Bí ẹ̀wà ṣe ń pọ̀ sí i, mẹ́rin á di mẹ́ta, á di méjì. Tó bá ti di méjì, òun àti ọjà ti ṣe déédéé, pípààrọ̀ ò lérè mọ́. Ibẹ̀ ni ìlà méjèèjì ti fara kanra.

Má kàn há a sórí, mo bẹ̀ ọ́. Bí ẹ̀wà bá di 500, orí ìlà owó níbi gaàrí á ṣì wà ní 10, ti ẹ̀wà á sún wá sí 4. Fà á wò fúnra rẹ.