Ẹ má kàn bi wọ́n pé "kí lẹ fẹ́", wọn ò ní sọ

Ẹ jẹ́ n dá sí èyí torí ó ká mi lára. Ẹ ní màmá yín ti pé 76, bàbá ti lọ, ẹ bi màmá pé kí ni wọ́n fẹ́ báyìí, wọ́n ní "ohun tẹ́ ẹ bá ṣe náà ti tó", ẹ wá fẹ́ kó wọn kúrò n'Íbàdàn lọ sí Lẹ́kí lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. "Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe náà ti tó" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìyá tèmi sọ fún mi ní 2016, mo gbà á bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n pa wọ́n.

Èlùbọ́ ni màmá wa ń tà l'Ọ́jà'ba, ó lé ní ogójì ọdún. Agbo ilé bàbá wa l'Ọ́rànyàn ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí bàbá kú, àwa ọmọ ṣèpàdé lórí WhatsApp (àwa o, màmá ò sí níbẹ̀), a ní ilé yẹn ti gbó, àtẹ̀gùn ẹ̀ ga, ṣalánga ni wọ́n ń lò lẹ́yìnkùlé. Ni mo bá kọ́ yàrá kan sílé mi l'Ákóbọ̀, táìlì látilẹ̀ dé ògiri, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n, mo tún gba ọmọ kan tí á máa fọṣọ tí á máa dáná. Owó tó bá yàrá yẹn lọ, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú ìyàwó mi.

Oṣù mẹ́jọ péré. Ìyá tó ń fi ọwọ́ ara wọn gbé àpò èlùbọ́ ò wá lè dìde mọ́ àfi tí wọ́n bá di ògiri mú. Wọn ò jẹun tán, ẹ̀jẹ̀ ń ru, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n lajú sílẹ̀ lóru. Tí n bá béèrè, "kò sí nǹkan, ara àgbà ni". Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo kọ́kọ́ gbé wọn lọ, oògùn lórí oògùn ni, mo kà á, oríṣi mẹ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2012 tí wọ́n ń pè ní Tony Anenih Geriatric Centre, ẹni tó bá ti tó 60 ni tiwọn níbẹ̀. Dókítà obìnrin kan báyìí béèrè ọ̀rọ̀, mo dáhùn. Ó tún béèrè, mo tún dáhùn. Ó ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá ni mò ń bá sọ̀rọ̀", ó ní kí n lọ jókòó síta. Inú bí mi o, n ò ní purọ́. Ìgbà tó pè mí padà, ó ní òun bi màmá pé kí ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, èsì tí wọ́n fún un ni "mò ń jókòó ni". Ó dín oògùn kù sí mẹ́rin, ó ní kí n lọ wá iṣẹ́ fún wọn.

Iṣẹ́ kẹ̀! Ẹni ọdún 74!

N ò tíì mọ ohun tí n máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tí ìyàwó mi fi ra èlùbọ́ wálé láti ọjà Bódìjà. Ó gbé e kalẹ̀ ní kíṣìnnì, màmá ń kọjá lọ sílé ìwẹ̀, ni wọ́n bá dúró. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, wọ́n fi ìka méjì ra á, wọ́n gbé e símú, wọ́n fi bíńtín sórí ahọ́n. "Ta ló ta èyí fún yín? Wọ́n ti fi láfún lù ú. Gbodo ẹ̀ gan-an ò gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ẹ wò ó bó ṣe ń dì." Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ yẹn, n ò gbọ́ irú ẹ̀ látọjọ́ tí bàbá ti kú. Wọ́n fìdí lé àpótí ní kíṣìnnì, wọ́n ń kọ́ ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń mọ ojúlówó tó wá láti Òkè Ògùn yàtọ̀, ó tó wákàtí kan àtààbọ̀. Àmàlà ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé wọn lọ s'Ọ́jà'ba. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màpó, a ò tíì sọ̀ tán tẹ́nì kan fi pariwo "Ìyá Alélùbọ́ rèé o!" Ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wákàtí méjì la lò. Wọ́n ń dì mọ́ wọn, wọ́n ń bú wọn pé wọ́n ti di ìyá ọlọ́lá Akóbọ̀, kódà obìnrin kan san gbèsè tó ti jẹ wọ́n láti 2014. L'Ákóbọ̀, "màmá láńlọ́ọ̀dù" lorúkọ wọn, kò sẹ́ni tó jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀ n ò kàn dá wọn padà báyẹn, torí ilé yẹn léwu lóòótọ́. N ò sì fẹ́ bi wọ́n pé ṣé ẹ fẹ́ padà, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ní "rárá o, ibí dáa", kí n má baà rò pé wọn ò moore. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, tá a jókòó síwájú ilé, mo bi wọ́n pé báwo ni ìyá tiwọn ṣe ṣe nígbà tí wọ́n darúgbó. Wọ́n ní "Abúlé ni ìyá mi wà, lọ́nà Àkànràn. Mo lọ kó wọn wá s'Íbàdàn kí n lè máa rí wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé ta ló ń bá àwọn fún adìẹ lóúnjẹ. Wọn ò lò tó oṣù mẹ́ta." Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Àkànní, mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni." N ò béèrè mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu màmá yín, ẹ bi wọ́n nípa ìyá wọn, ẹ fi tiwọn sílẹ̀ ná.

Bá a ṣe dá wọn padà s'Ọ́rànyàn nìyẹn. A bá mọ̀lẹ́bí kan pààrọ̀ yàrá kó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ ni màmá á wà, a ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ń lo omi síbẹ̀, wẹ́dà kan jó irin mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ tí wọ́n á máa dì mú, ọmọ àbúrò mi obìnrin tó wà ní Poly ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo ẹ̀ ò tó owó táìlì mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London bínú, ó ní kí làwọn èèyàn máa sọ. Mo ní àwọn èèyàn wo? (Ká má tan ara wa, fọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́ yàrá fún.)

Kì í ṣe gbogbo òbí ló fẹ́ agbo ilé o. Bàbá ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní tòun, tí wọ́n bá dá òun padà sáàárín àwọn ẹbí òun, ẹjọ́ lẹ́ máa gbọ́. Ilé tí wọ́n háyà ní Mòlété ni wọ́n wà, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn wọn, ọkàn wọn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ogún ńkọ́? Ẹ má fi falẹ̀. Bàbá wa ní ìyàwó méjì, màmá wa bí mẹ́ta, ìyàwó kejì bí márùn-ún, bàbá ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àwa ní ìdí igi, kí wọ́n pín in sí méjì bí iye ìyàwó, àwọn ọmọ ìyàwó kejì ní orí ó jorí, kí wọ́n pín in sí mẹ́jọ bí iye ọmọ. Lọ́yà ní ẹjọ́ irú ẹ̀ kan kúrò l'Ékòó dé Privy Council, kọ́ọ̀tù àwọn òyìnbó ní London, ní 1962, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà, ṣùgbọ́n tí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí ó jorí. Ẹ wá wo irú ìjà tí ìyẹn dá sílẹ̀ nílé wa! Èmi sì ni next of kin bàbá ní báńkì, mo wọ agbádá lọ, wọ́n ní next of kin kì í ṣe ajogún, kí n lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí òkú fi sílẹ̀, wá ní kọ́ọ̀tù gíga.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí màmá kọ wíìlì. "Ṣé mo ti pẹ́ jù lójú ẹ ni?" Mo panu mọ́. Ìgbà tó yá, mo kọ tèmi, mo mú un lọ kà fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní "gbé àpótí yẹn wá." Aṣọ funfun kan wà nínú ẹ̀, àti ìwé forty leaves tí wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn máa bá àwọn kọ, àwọn tó jẹ wọ́n, àwọn tí wọ́n jẹ, owó ẹgbẹ́, àti pé ìsọ̀ Ọjà'ba kì í ṣe ti ìkankan nínú àwa ọmọ, ti obìnrin tó ti ń bá wọn tajà fún ọdún 19 ni. Ká ní wọn ò sọ, à bá lé obìnrin yẹn dànù! Lọ́yà kọ ọ́, ó kà á sí wọn létí ní Yorùbá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kà á, wọ́n tẹ̀ka, ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò ní pín nínú nǹkan kan fọwọ́ sí i. Wọ́n sì sọ ibi tí ká sin àwọn sí, ìyẹn wà láàárín àwa àti wọn.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín, n ò ní kó ẹrù kankan lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ mú màmá wá sí Lẹ́kí fọ́sẹ̀ méjì, kí yàrá wọn n'Íbàdàn wà bó ṣe wà, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ẹ ti rí èsì yín.

Tèmi ti lé ní 80 báyìí. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ jókòó s'Ọ́jà'ba, wọn kì í gbé nǹkan, wọ́n kàn ń bu èlùbọ́ wò ni wọ́n ń ṣàríwísí. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá ní Sátidé, àwọn ní ìpàdé ẹgbẹ́.