Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Àwo kọ́ńtírì ọmọ Monkees tó wà nínú páálí bàbá mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Houston ni wọ́n ti kàwé láyé ọjọ́un kí wọ́n tó padà sí Ìbàdàn, wọ́n sì kó páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan wálé tí wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn. Jim Reeves, Kenny Rogers, Don Williams, ìyẹn ni mo mọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n kọ Magnetic South sí lára, Michael Nesmith àti The First National Band, etí àpò ẹ̀ ti fẹ́ ya. Mo wá a lórí fóònù, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn Monkees orí tẹlifíṣọ̀n ni. Báwo ni ọmọ tó ń kọrin pọ́ọ̀pù fáwọn ọ̀dọ́ ṣe wá bá Jim Reeves nínú páálí bàbá mi? Ẹnì kan sì ti fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi, kí n tà á àbí kí n má tà á?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Má tà á o. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó máa rojọ́, torí àwo tí mo fẹ́ràn gan-an lo fọwọ́ kàn yẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí nípa ẹ̀.

Houston tí bàbá ẹ ti kàwé yẹn gan-an ni wọ́n ti bí Nesmith, lóṣù Kejìlá ọdún 1942, Dallas ló sì dàgbà sí. Ọmọ Texas ni, kọ́ńtírì ò ṣàjèjì sí i, kì í ṣe nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yá lò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń wá ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n máa fi ṣe eré bándì lórí tẹlifíṣọ̀n NBC lọ́dún 1966, wọ́n mú òun, Micky Dolenz, Davy Jones àti Peter Tork, òun ló máa ń dé fìlà wúùlù aláwọ̀ ewé yẹn. Eré yẹn gbóná, rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ń tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíì ló ń lu ọ̀pọ̀ nínú orin yẹn ní sítúdíò, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn wá fi ohùn sí i ni, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń bí Nesmith nínú. Ìtàn tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé níbi ìpàdé kan ní òtẹ́ẹ̀lì ní Beverly Hills lọ́dún 1967 ó fi ẹ̀ṣẹ́ da ògiri lu níwájú àwọn ọ̀gá. Ọdún yẹn náà ni wọ́n wá fọwọ́ ara wọn lu àwo Headquarters, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Kò tíì kúrò lọ́dọ̀ Monkees tó ti ń yọ́ padà sídìí kọ́ńtírì. Ó lọ sí Nashville, ojúkò orin kọ́ńtírì, lọ́dún 1968, ó kó àwọn ọ̀jáfáfá ibẹ̀ jọ, ibẹ̀ ni orin Monkees tó ń jẹ́ Listen to the Band ti wá. Nine Times Blue tó wà nínú àwo bàbá ẹ yẹn, Monkees ti kọ ọ́ lórí ètò Johnny Cash, olórin kọ́ńtírì, lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1969. Nígbà tó di 1970 ó fowó ra ara ẹ̀ kúrò nínú àdéhùn, ó pe John London tí wọ́n jọ ti wà láti Texas pé kó wá lu béèsì, John Ware wá lu dúrọ́ọ̀mù, ó wá ku ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an, Red Rhodes.

Rhodes ló ń lu pedal steel ní Palomino, ilé fàájì àwọn olórin kọ́ńtírì ní North Hollywood. Pedal steel kì í ṣe jìtá tí èèyàn ń gbé kọ́rùn o. Ó dà bíi tábìlì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, okùn mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lórí ẹ̀, ẹni tó ń lù ú á jókòó tì í, á mú irin kan dání lọ́wọ́ òsì, kò ní tẹ okùn mọ́lẹ̀ bíi ti jìtá yòókù, irin yẹn lá máa fà lórí ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀, orúnkún ń ti irin mìíràn sọ́tùn-ún sósì, ohùn okùn kan á máa gòkè nígbà tí èkejì ò kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dún bí ẹni tó ń sunkún lóhùn jẹ́jẹ́. Ìwọ náà mọ ohùn yìí, o kàn lè má mọ orúkọ ẹ̀ ni. Dèmọ́lá Adépọ̀jù ló ń lù ú fún Sunny Adé nínú African Beats, ó wà nínú àwo Juju Music tí iléeṣẹ́ Island gbé jáde lọ́dún 1982, Adépọ̀jù yìí kan náà ló sì wà nínú Graceland tí Paul Simon ṣe lọ́dún 1986. Nítorí náà tí o bá gbé àwo bàbá ẹ sórí ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ́ bíi pé o ti gbọ́ ọ rí níbi ìnáwó, etí ẹ ò tàn ẹ́ jẹ.

Joanne ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń gbé létí adágún omi ni, kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Fetí sí ibi tí ohùn Nesmith ti fò kúrò nísàlẹ̀ lọ bọ́ sí ohùn tín-ín-rín lójijì, tí steel Rhodes ń tẹ̀ lé e bí òjìji. Mo ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà, ibẹ̀ yẹn ṣì máa ń mú mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì fún Mama Nantucket, níbi tó ti ń fi ọ̀nà ọ̀fun gbé ohùn sókè sódò bíi ti Jimmie Rodgers, olórin kọ́ńtírì ayé àtijọ́, ó tiẹ̀ kọ The One Rose tí Rodgers ti kọ rí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló mú mi lọ́kàn ṣá, orin Hollywood gùn jù létí tèmi.

Kí ló dé tí èèyàn ò fi mọ̀ ọ́n? Joanne dé ipò 21 lórí Billboard, ìwé tó ń to orin tó ń tà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ipò 143 ni àwo fúnra ẹ̀ dé mọ. Orúkọ ló pa á, èmi ò rí ìdí míì. Àwọn ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ Monkees ń retí orin bíi I'm a Believer tí Monkees ti kọ tẹ́lẹ̀, àwọn onírọ́ọ̀kì ní bándì àtọwọ́dá orí tẹlifíṣọ̀n ni, àwọn àgbà kọ́ńtírì náà ò sì rí i bí ọmọ ilé. Lóòótọ́, òun kọ́ ló kọ́kọ́ lú kọ́ńtírì mọ́ rọ́ọ̀kì, bándì Byrds ti ṣe é lọ́dún 1968, bándì Flying Burrito Brothers ṣe é lọ́dún 1969. Ṣùgbọ́n nígbà tí bándì Eagles gba ọ̀nà yìí kan náà kọjá lọ́dún 1972, ayé pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó sì máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn ò tíì fetí kan Magnetic South rí, torí fìlà aláwọ̀ ewé.

Má fi sẹ́lótéépù lẹ àpò ẹ̀ o, wá àpò ọ̀rá kí o kì í sí, kí o sì gbé e dúró, má tò ó léra. Tú páálí yẹn dáadáa síi: bándì yìí ṣe Loose Salute lọ́dún 1970 kan náà, wọ́n ṣe Nevada Fighter lọ́dún 1971. Tí bàbá bá ra ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ra yòókù. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi tí o bá rí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni mí l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ìyá olórin kan ní Amẹ́ríkà ló ṣe oògùn funfun tá a fi ń pa àṣìkọ rẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni mà, ìyá Nesmith yìí náà ni! Bette Nesmith Graham, akọ̀wé ni wọ́n ní báǹkì kan ní Dallas, wọ́n ń dá tọ́ ọmọ wọn, àṣìtẹ̀ táípù sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n bá po ọ̀dà funfun nílé, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún lórí ìwé. Liquid Paper ló padà dà, wọ́n sì tà á fún Gillette lọ́dún 1979 ní mílíọ̀nù 47.5 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Michael àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń jókòó sí gáréèjì ilé wọn, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò.